Ilé Méjì Tó Gbọ́wọ́ Lé Èjìká Ara Wọn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́bí dáadáa. Kí èyí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọlé, kó wá àyè jókòó. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, ẹ má fojú fò ó, torí ìsàlẹ̀ pátápátá ni adùn rẹ̀ wà.

1.
Ní àárín ìlú ńlá kan, bíríkìlà kan kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì mọ́ra wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ẹ̀yin ọmọ, ilé ń jẹ́ ilé! Òdòdó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sára ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, fèrèsé aláwọ̀ mèremère, àtẹ̀gùn onígi tó ń dán gbinrin. Àlejò tó bá ń kọjá á gbórí sókè, á sì gbàgbé ibi tó ń lọ.

Ògiri àárín kan ṣoṣo ni ilé méjèèjì jọ ní. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bíríkìlà àtijọ́ ṣe ń ṣe é: igi àjà ilé kan á la ògiri kọjá, á wọ inú ìkejì. Kí bàbá náà tó jáde láyé, ó ní, "Àwọn ilé yìí gbọ́wọ́ lé èjìká ara wọn. Ẹ má yà wọ́n o."

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin jogún ọ̀kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, jogún ìkejì. Ìsàlẹ̀ ló ti ń ránṣọ, òkè ló ń sùn sí. Kò ní ibòmíràn láyé.

2.
Àṣé ìgbéraga ti wọ ẹ̀gbọ́n lẹ́wù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wó ilé baba wọn, wọ́n ti fi dígí kọ́ tuntun. Ó ní tòun máa ga ju tiwọn lọ. Àwọn aládùúgbò bá sọ ọ́ ní Onídígí, nígbà tí dígí ẹyọ kan ò tíì débẹ̀ rárá!

Aránṣọ lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí Bàbá sọ."

"Kí ni Bàbá mọ̀ nípa ayé òde òní?"

"Igi àjà yín ló wà nínú ògiri mi!"

"Tèmi ni mò ń wó. Mi ò fọwọ́ kan tìẹ."

"Ẹ tiẹ̀ pe bíríkìlà kan kó wá wò ó ná."

"Lọ rán bọ́tìnnì rẹ, jàre."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun.

3.
Katapílà dé. Kò pẹ́ tí òdòdó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi di ìyẹ̀pẹ̀. Ibi tí Onídígí ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n fa igi àjà kan yọ, ògiri àárín bá là láti òkè délẹ̀. Ilé aránṣọ mì tìtì.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró! Àbúrò mi wà nínú ilé!"

Obìnrin náà jáde, ó gbá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́yà. Kò sunkún. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó ní, "Ẹ bá mi gbé igi wá."

4.
Ẹ wá wo àdúgbò! Káfíńtà kó pákó dé, oníbúrẹ́dì gbé tábìlì rẹ̀ dé, àwọn oníbàárà dé nínú aṣọ tí aránṣọ rán fún wọn. Wọ́n ń fi igi ti ògiri, káfíńtà ń pàṣẹ: "Oníbúrẹ́dì, tì í dáadáa! Ṣé ìyẹ̀fun lo rò pé ò ń pò ni?" Onídígí wà láàárín wọn, èjìká rẹ̀ ló fi gbé igi tó wúwo jù. Ògiri náà dúró. Ilé bàbá wọn dúró!

Àmọ́ ti Onídígí ti lọ. Àwọn tó fẹ́ bá a kọ́lé onídígí rí ògiri tó là, wọ́n sá. Títí dòní, ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí ni ibẹ̀. Ó máa ń jókòó níwájú ilé àbúrò rẹ̀, àlejò á bi í pé, "Ta ló kọ́ ilé arẹwà yìí?"

Á gbéra ga díẹ̀. "Bàbá wa ni."

"Èwo wá ni tiyín?"

Á nawọ́ sí ibi tí wọ́n gbọ́kọ̀ sí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ra o. Kí ẹ tó wó ohun tí àgbà fọwọ́ kọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń gbé ró. Tí ẹ bá sì rí ilé àtijọ́ tó ṣì dúró, ẹ gbórí sókè, ẹ wò ó dáadáa: ẹnì kan ló tì í lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí ògiri là yẹn, wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́jú ni; ilẹ̀ ti mọ́ kí àwọn aládùúgbò tó kúrò nílé aránṣọ. Bí wọ́n ṣe ń jáde, oníkálukú ń fọwọ́ kan ògiri, bí ẹni ń dágbére fún àgbà.