Ọ̀pọ̀lọ́ Fẹ́ Gé Ìpéǹpéjú

Àlọ́ mi fò pẹ́ẹ́, ó bà lé ìpéǹpéjú Ọ̀pọ̀lọ́. Ó wú jù, gbogbo odò ń pè é ní Olóorun. Ló bá gba ilé Akàn lọ, oníṣẹ́ abẹ etí odò.

"Bọ̀dá Akàn, ẹ bá mi gé e!"

Akàn ń pọ́n ọwọ́, ó ń kọrin:

"Jẹ́ n gé e."
"Kínrinjin!"
"Ojú á là."
"Kínrinjin!"

Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbè é tayọ̀tayọ̀! Ìgbà tó dùbúlẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú dókítà: ó yọ gọngọ síta, kò ní ìpéǹpéjú rárá.

"Bọ̀dá, ta ló gé tiyín?"

"Èmi náà ni!"

"Ẹ sì ń sùn?"

"Oorun kẹ̀? Mo ti gbàgbé ẹ̀!"

Ọ̀pọ̀lọ́ fò, ó di inú odò.

Bí mo bá purọ́, kí Akàn gé tèmi.