Omi Ò Yọ Nílé Wa

Màmá tún yá fóònù aládùúgbò. Ó ní iná ti tán lára tòun, bẹ́ẹ̀ iná kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ojú ń tì í bó ṣe ń gbà á. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi etí ìborùn bo ẹnu fóònù, ó sì pe iléeṣẹ́ omi. Ọkùnrin kan ló gbé e. Màmá gé e. Ó tún pè, ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé ló gbé e, ó gé ìyẹn náà. Ìgbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọbìnrin tó ń wá dáhùn.

“Ẹ káàsán, mà. Kí ni mo lè bá yín ṣe?”

“Omi ò yọ nílé wa,” Màmá fi ohùn tínrín sọ ọ́. Ẹ̀rọ omi ń kán sínú abọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yára yí i pa.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ti pẹ́ tó ti dá?”

Màmá gbàgbé omi. Ó ní orúnkún ń dun òun, òun kì í rí oorun sùn.

“Mò ń gbọ́ yín, mà. Ẹ fara balẹ̀ sọ ọ́.”

“Ìyá rẹ á mà gbádùn rẹ o.”

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀: “Mi ò mọ̀, mà.” Ó wá béèrè ohun tí wọ́n ń bi gbogbo oníbàárà kí wọ́n tó gé fóònù: “Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe?”

Màmá ní kò sí.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó de ọmọ tirẹ̀. Òṣé ni ìyẹn fi ń kí ilé. Láàárọ̀ yẹn, nítorí orúnkún yìí kan náà, ó ti pariwo mọ́ ọn: “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa sọ ọ́, Màmá? Ṣé ẹ ò rí i pé ó rẹ̀ mí ni?” Aládùúgbò gbọ́ ariwo náà, ó yọjú. Màmá ti ń rò ó pé òun á kúkú panu mọ́ nínú ilé yìí.

Ọmọ wọlé, kò pòṣé. Ó lọ yí ẹ̀rọ omi, omi tú yàà. Ó wò ó títí, ó yí i pa, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kò lè gbójú sókè.

“Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá, mà,” ó wí, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún tó ń dun ìyá rẹ̀. “Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe?”