Ìbọn Mẹ́ta Tó Dún ní Fájuyì

Adó-Èkìtì, 1978. Adigunjalè ń da ìlú láàmú.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mẹta. Sájẹ́ńtì Olúfúnṣọ́, tí kò mú adigunjalè kan ṣoṣo rí, sáré dé àdúgbò Fájuyì, ó ki ọdẹ arúgbó kan mọ́lẹ̀.

"Ìwé àṣẹ ìbọn mi rèé, ọmọ mi."

Akọni ọlọ́pàá wa fà á ya láìkà á!

"Gbọ́ tẹnu mi ná. Jẹ́ ká délé yín, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti títì."

"Ilé ta? Arúgbó ọ̀daràn! Àtìmọ́lé lò ń lọ!"

Ó kó ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyàwó Sájẹ́ńtì ń dúró, omijé lójú.

"Bàbá yín ti kú. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn yìí ló yìnbọn túfọ̀ wọn. Òun náà la ní kó wá pè yín."

Baba ọdẹ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ síwájú.

"Ṣé o ti wá ráyè gbọ́ tẹnu mi?"