Ìwé Àyẹ̀wò Ojú

“Ìlà tó kẹ́yìn, Màmá,” ni ọ̀gá òṣìṣẹ́ wí, ó gbé ìwé àyẹ̀wò ojú sókè.

Màmá tó ń yẹ ìgò wò nílé-iṣẹ́ kan ládùúgbò Ṣàngó gbàdúrà sínú. Àgbà tí kò bá rí i kà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bàìbàì ló ń ríran, àmọ́ ó ti há àwọn lẹ́tà rẹ̀ sórí.

“D, F, P, T.”

“Ẹ ti gbà á!” Ọkùnrin náà yí ìwé padà. Ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọn ò kọ nǹkan sí, ló ti fi han màmá.

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi! Bí ojú bá ṣú, ìka mi ṣì ń mọ ìgò tó sán.”

Ọ̀gá rọra ti ilẹ̀kùn. “Ẹ kọ́ mi ní àwọn lẹ́tà yẹn kíá. Ọ̀la ni wọ́n máa yẹ ojú tèmi wò.”