Yìnyín Tí Oríkì Yọ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Arò, ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìbírónkẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yìn ín báyìí, kì í mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fadérera, ń múra ìdíje sáyẹ́ǹsì. Wọ́n fẹ́ fi han àwọn adájọ́ bí òtútù ṣe ń ṣọnà sí yìnyín lára nínú ìkùukùu. Wọ́n gbé ìgò sáàárín yìnyín àti iyọ̀ nínú àpótí, wọ́n sì so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìgò náà. Nígbà tí òtútù kò tíì pọ̀, yìnyín hù lára òwú bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí òtútù mú gan-an, ó yọ ẹ̀ka mẹ́fà bí ìràwọ̀. Fadérera ló ń ṣọ́ ọ. Kò ṣeré kankan ní gbogbo ìsinmi. Ó ṣáà ń kìlọ̀ pé, "Má ṣí i o! Bí ooru bá wọlé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ ìdíje, Fadérera lọ pàdé àwọn adájọ́. Ìyá Ìbírónkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé dé. Ìbírónkẹ́ ní kí wọ́n wò ó fìrí, ó ṣí ìdérí. Ẹnu ya ìyá rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí kì í:

"Àbẹ̀ní, ọmọ ọlọ́nà! Ọmọ agbẹ́gi bí ẹni kọ̀wé!"

Orí Ìbírónkẹ́ wú. Ta ni kì í kúnlẹ̀ nígbà tí ìyá ẹni bá ń ki ẹni? Ó kúnlẹ̀, ìdérí lọ́wọ́ rẹ̀, títí oríkì fi parí.

Nígbà tí Fadérera àti àwọn adájọ́ dé, omi lásán ni wọ́n bá nínú ìgò.

"Ta ló ṣí i?" Olùkọ́ wọn ló bèèrè.

"Fadérera ni, sà," ni Ìbírónkẹ́ dáhùn kíá.

Omi lé ròrò sójú Fadérera. Olùkọ́ ní kò gbọ́dọ̀ bá wọn lọ sí ìdíje kankan mọ́.

Ìyá Ìbírónkẹ́ ò tíì lọ. Ó rìn wá sí àárín wọn, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Fadérera, ọmọ tó lè bí.

"Má bínú, ọmọ mi. Ojú mi ni Àbẹ̀ní ṣe ṣí i. Èmi ni mo dúró tí mò ń kì í."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" Ìbírónkẹ́ ń sunkún, ojú tì í débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ó pẹ́ gan-an kí ìyá rẹ̀ tó tún kì í.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ìyìn ṣáájú iṣẹ́. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó jìyà rẹ̀. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ojú ìyá ẹni ló kọ́kọ́ ń bà sí.