Dókítà Ojú Tí Kì Í Wo Ògiri

Dókítà ojú kan wà tó jẹ́ agbéraga. Gbogbo ènìyàn ló ń fún ní awò ojú, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí awò lójú òun, bẹ́ẹ̀ ojú tirẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́. Tí ìwé bá ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, kò ní kà á, á kàn fọwọ́ sí i. Tí kọ̀ǹpútà bá bi í ní ìbéèrè, á tẹ "Mo gbà." Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dókítà Mo-Gbà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan, ó rí àfikún ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń so mọ́ bùráúsà, ohun tí a fi ń ṣí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní á máa sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ńlá. Inú dókítà dùn: awò ti di ohun tí kò nílò nìyẹn. Àdéhùn gígùn kan wà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Ó tẹ "Mo gbà."

Ká má purọ́, àfikún náà mú lẹ́tà tóbi lóòótọ́. Ohun tí kò sọ síta ni pé ìpolówó ló máa fi lẹ́tà ńlá náà kọ.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, ó so mọ́ kọ̀ǹpútà. Inú bùráúsà ló ti ń ṣí àtẹ lẹ́tà tí àwọn aláìsàn ń kà. Dókítà á kọ ẹ̀yìn sí ògiri, á máa wo ojú aláìsàn, á sì máa fi ọ̀pá tọ́ka sẹ́yìn. Ó ti mọ àtẹ náà sórí. Bó bá tiẹ̀ yíjú padà, kùrukùru ni ì bá rí.

Obìnrin télọ̀ kan ló kọ́kọ́ jókòó.

"Ẹ ka ìlà òkè, mà."

"Ó ní ikùn mi ti tóbi jù."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ògiri yín ni."

Dókítà mi orí, ó kọ awò tó nípọn fún un. Kápẹ́ńtà tó tẹ̀lé e ka "Ẹ kú oríire, ẹ ti jẹ fóònù." Òun náà gba awò, ó sì ń bèèrè fóònù rẹ̀ títí ó fi délé. Òkìkí kàn pé dókítà yìí mọṣẹ́, pé kò sí ojú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní bá àìsàn nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan gbọ́, wọ́n ní kó máa yẹ ojú àwọn awakọ̀ àwọn wò. Ẹni tó bá kùnà, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe bọ́ sórí àga nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ni bàbá yìí ti ń wà láti ìgbà èwe, kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Dókítà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri.

"Bàbá, kí lẹ rí níbi ọ̀pá yìí?"

Bàbá rọra ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Àna mi, ṣé ìyàwó ẹ ló ní kó o bi mí?"

"Bi yín ní kí ni, sà?"

"Ohun tí ògiri yìí ń bi mí: kí ló jẹ irun mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú yín ti lọ."

"Níbo ló lọ? Ojú yìí náà ló rí gọ́tà tó o kó mọ́tò sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ. Ìwọ lo ò rí i."

Dókítà kọ awò tó nípọn bí ìdí ìgò fún un. Máníjà ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sì gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá jókòó sílé, ó ń yí ìdérí ìkòkò bí ẹni tó ń yà ní kọ́nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyàwó dókítà, ò lè wò ó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà kó bàbá rẹ̀ àti máníjà lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Dókítà wa, ẹ̀yin náà ẹ ka ìlà òkè," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Èmi? E ni. Tó tẹ̀lé e, F àti P." Kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn fi ọ̀pá kan ògiri kò-kò-kò.

Máníjà wúkọ́. "Dókítà, orí ìdodo ọkùnrin kan ni ọ̀pá yín wà."

"Ìdodo ta ni?"

"Ẹni tó ń polówó oògùn ikùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí yín."

Dókítà yíjú, ó sún mọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdodo náà. Ìgbà yẹn ló tó rí i.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ àmì kékeré kan lókè bùráúsà, ó yọ àfikún náà kúrò, àtẹ lẹ́tà sì padà. Bàbá kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún ka aago tó wà ní igun tẹlifíṣọ̀n kún un. Máníjà dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ó wá pe gbogbo awakọ̀ tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn jọ, ó ní kí dókítà ka àdéhùn àfikún náà jáde ketekete fún wọn.

Dókítà ń ṣẹ́jú, kò rí ẹyọ lẹ́tà kan. Bàbá ki ọwọ́ bàpò, ó yọ awò ìdí ìgò yẹn. "Gbé e sójú. Ìwọ náà lo kúkú kọ ọ́."

Awò náà bá a lójú rẹ́gí. Ó ka: "A lè fi ohun tó bá wù wá bo ohunkóhun tí o bá ṣí, a ó sì máa ṣọ́ gbogbo ibi tí o bá dé."

"Ta ló gbà á?" awakọ̀ kan bèèrè.

"Èmi ni," ló dáhùn.

Àwọn awakọ̀ kó lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Télọ̀ dá awò rẹ̀ padà. Kápẹ́ńtà dá tirẹ̀ náà padà, àmọ́ ó ṣì ń bèèrè fóònù. Ẹnu ọ̀nà ni dókítà ń jókòó sí báyìí pẹ̀lú awò ìdí ìgò lójú. Tí bàbá ìyàwó rẹ̀ bá ń wa bọ́ọ̀sì kọjá, á rọra dúró, á na ìka síta.

"Àna mi, mélòó nìyí?"

Gbogbo èrò ọkọ̀ á yọjú síta títí dókítà á fi dáhùn. "Mẹ́ta, sà."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á má ṣe gba ohun tí a kò kà. Ohun ọ̀fẹ́ tó bá ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ nínú bùráúsà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń bèèrè. Ẹ máa yẹ àwọn àfikún tó wà níbẹ̀ wò lóòrèkóòrè, èyí tí ẹ kò bá mọ ẹni tó pè é wá, ẹ yọ ọ́. Tí lẹ́tà bá kéré jù, ẹ lo awò, kò sí ẹni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń fi dókítà yìí ṣe é lọ. Tí oríṣiríṣi ènìyàn bá sì ń sọ fún yín pé ohun kan wà lẹ́yìn yín, ẹ yíjú wò ó kí ẹ tó kọ awò fún wọn.