Ẹni Tó Ń Wọ Yàrá Òkùnkùn

Álígì ni Ọlábísí Májẹ́kódùnmí ń sìn ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Àkúrẹ́, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ń-tín tó máa ń sọ omi adágún di aláwọ̀ ewé. Irú tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bó bá wà nínú òkùnkùn, àwọ̀ ìyeyè ló máa ń ní. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ ewé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń pàṣẹ fún un pé kó ṣe àwọn purotéènì tí yóò fi kọ́ ilé ìdáná kékeré inú rẹ̀, níbi tó ti ń fi oòrùn se oúnjẹ. Ọlábísí fẹ́ mọ bí àṣẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun ló fi ń wá oyè dókítà.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kan àwọn ìgò rẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi tan iná sí wọn. Yàrá náà kò ní fèrèsé, aṣọ dúdú tó nípọn sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gílóòbù aláwọ̀ ewé kan tó ń lo bátìrì, tó mọ́ bàìbàì, tí kò lè pàṣẹ kankan fún álígì, ló fi ń ríran níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó rí i pé ẹnìkan ti wọ ibẹ̀. Àwọn ìgò ti kúrò díẹ̀ ní ipò wọn. Iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ láti ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀rọ tó ń mi àwọn ìgò ti dúró, ó sì yẹ kí álígì ti rì sísàlẹ̀ kí wọ́n máa kú. Wọn ò kú. Àwọ̀ wọn ò sì yí padà.

"Ẹni tó wọlé mọ iṣẹ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Bọ́láwálé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. "Kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn wọ́n rárá."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Dókítà Jethro nìkan."

Bọ́láwálé gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ jí adìẹ gbé, àgbàdo ló ń dà fún un."

Àgbà olùkọ́ ni Dókítà Jethro Akínmọládùn. Ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí ti Ọlábísí. Ọlábísí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà kò ní kí i. Ṣùgbọ́n bí bàtà rẹ̀ bá ti ń ró bọ̀ lọ́nà, yóò ti pè é láti inú ọ́fíìsì: "Ọlábísí, o ti dé." Ó dà bí ẹni pé ó ń ka ìrìn rẹ̀.

Dókítà Jethro ti ta ọkọ̀ rẹ̀, tàsí tí wọ́n ń dà ènìyàn pọ̀ sí ló ń wọ̀. Nígbà tí Ọlábísí mú àwòrán èsì iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá a, ó gbà á, ó dì í mú.

"Sọ ohun tí o rí fún mi," ló wí.

Ó bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, ó sì dá ìwé náà padà láìsọ èrò tirẹ̀.

"Ó ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò," ni Ọlábísí sọ nílé.

Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni Jethro ń lọ sí Oǹdó. Ní Oǹdó yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀kúnlé wà, tí òun náà ń ṣèwádìí lórí álígì nínú ọgbà ọsibítù ńlá kan. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Ọlábísí wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ó rí i tó sọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù náà. Obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun jáde wá pàdé rẹ̀, ó fi ọwọ́ kọ́ ọ lápá bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́, wọ́n sì jọ wọlé.

Ọlábísí ro ẹjọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ka wọn, Màmá Agnes.

"Ọ̀rọ̀ yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn," ni màmá náà sọ. "Mú ẹ̀rí wá, ọmọ mi."

Ọlábísí tú gílóòbù aláwọ̀ ewé náà, ó ń gbé e lọ sílé nínú báàgì, kí ẹni tó ń wọlé má bàa ríran. Iná tún lọ lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó padà dé, àwọn ìgò ti tún sún, àwọ̀ ìyeyè wọn ò sì yí padà.

"Ó ti ra tirẹ̀," ni Bọ́láwálé wí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, iná lọ ní ọ̀sán. Ọlábísí yọjú sí ọ́fíìsì Jethro.

"Mo ń lọ sí Ìjàrè, sà. Ó di ọjọ́ Ajé."

"Wàá lọ re, wàá bọ̀ re. Kí wọn ní ilé."

Ó rìn dé géètì, kí bàtà rẹ̀ lè ró dáadáa. Ó jókòó sábẹ́ igi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán padà wọ inú ilé. Ọ́fíìsì Jethro ṣófo. Ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn kò sí ní títì. Bó bá tan iná, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ bàjẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni Màmá Agnes béèrè.

Ó ti ilẹ̀kùn padà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì gba abẹ́ aṣọ dúdú náà wọlé. Òkùnkùn biribiri ni. Ìró omi tí ẹnìkan ń rọra mì nínú ìgò ló ń gbọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó na fóònù rẹ̀, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ojú Jethro gan-an.

Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀ rekete sí ìmọ́lẹ̀ náà, kò ṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ ò dẹ́kun mímì ìgò náà, ó sì rọra sọ pé, "Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan iná o, iṣẹ́ Ọlábísí ló wà níbí."